Àdúrà Lórí Irin Yíyọ́

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pinnu láti kọ́ ilé-iṣẹ́ ìkòkò sí Òmù-Àrán. Bí ìkòkò àkọ́kọ́ bá dára, Ambrose, ẹnjiníà ọmọ Bàbá Barnabas, ni yóò ti Èkó wá ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Bàbá Barnabas ti kun yàrá dè é. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ó sì ti sú u láti máa rí i ní àsìkò Kérésì nìkan bí àlejò.

Lọ́jọ́ tí wọn yóò da ìkòkò àkọ́kọ́ náà, ìlú pé sí ìsọ̀ Awóyẹmí tó ń rọ ìkòkò. Caroline, ìyàwó Ambrose, kò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ní oòrùn mú. Ambrose na ọ̀pá irin kékeré kan sókè.

“Oògùn irin nìyí. Ó máa ń mú kí hóró inú alumíníọ́ọ̀mù kúnná bí èlùbọ́ tí a jọ̀. Láìsí i, ìkòkò ńlá á sán. Ṣùgbọ́n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá ti pẹ́ lórí iná, á rì sísàlẹ̀, ó di òfo nìyẹn.”

Ó jù ú sínú irin yíyọ́, wọ́n ro ó pọ̀. Ó wá ṣí fìlà.

“Bàbá, ẹ fi àdúrà bùkún un.”

Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé bí Bàbá Barnabas bá ti dijú, ẹni tó gbé iṣu kaná lè lọ sọ ọ́ kalẹ̀, kó jẹ ẹ́, kó sì padà wá ṣe àmín. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà Édẹ́nì. Ó sọdá Òkun Pupa, ó kí Sólómọ́nì, ó wá yà sí Omupo àti Òkè-Ọdẹ láti bùkún àwọn tí yóò ra ìkòkò.

“Irin ń pẹ́ lórí iná o,” Awóyẹmí wí kẹ́lẹ́.

“A kì í já àdúrà gbà lẹ́nu àgbà,” Ambrose dá a lóhùn. Ó ní kí Àlùfáà Bùkárì, aṣáájú àwọn Mùsùlùmí, náà ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dà á tó tutù, ìkòkò sán láti ẹnu dé ìdí. Ìlú rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ẹnu Bàbá Barnabas ló pa ilé-iṣẹ́. Ẹgbẹ́ tú ká, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ojú ti bàbá arúgbó náà, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ambrose dì mọ́ ọn, ó ní kò jẹ̀bi rárá, ó sì lọ wọ mọ́tò.

Bàbá Barnabas tẹ̀lé e láti tún bẹ̀ ẹ́, ó sì dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bí Ambrose ṣe ń sọ fún Caroline pé, “Èkó yá, ṣebí mo sọ fún ọ pé bí mo bá ṣáà ti kọ́kọ́ ju oògùn yẹn sí i, kí n tó ní kí Bàbá gbàdúrà, ìkòkò á sán?”