Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Mahfuz

Mahfuz kì í ṣe ènìyàn burúkú, àbùkù rẹ̀ kan ni pé kì í sọ̀rọ̀ tán. Bí wọ́n bá bá a wí, á ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Sùwéébátù, ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, á kàn rẹ́rìn-ín.

Ilé wọn wà nísàlẹ̀ Sawaba, àdúgbò kan ní Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, létí odò tó máa ń kún lójijì. Nígbà tí àdúgbò ra gbohùngbohùn tí wọn yóò máa fi ṣe ìkìlọ̀, Mahfuz ni wọ́n fún, nítorí ohùn rẹ̀ já gaara. Alhaji Sàláúdéènì, olórí àdúgbò, kọ́ ọ lóhun tí yóò máa ké.

"Odò ti kún, ẹ gòkè lọ sí mọ́ṣáláṣí. Sọ ọ́ tán o, ní Yorùbá, ní Hausa, ní Twi."

"Baba, ó ti yé mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pè é láti Tafo, àdúgbò tó wà lókè odò, pé òjò ńlá ti rọ̀ lókè, odò ń bọ̀. Ẹ̀kán òjò kan kò tíì kán ní Sawaba. Mahfuz gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ké, "Nsuo aba! Nsuo aba!" Ó parí síbẹ̀.

Omi dé ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Twi. Ohun tí gbogbo Kumasi sì máa ń ké nìyẹn bí omi ẹ̀rọ tó ti dá bá tún yọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Sùwéébátù gbé korobá, ó lọ síbi ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá odò. Ibẹ̀ ni àgbàrá ká a mọ́. Yaw, aládùúgbò wọn, ló fà á jáde láàyè, ṣùgbọ́n egungun itan rẹ̀ ti kán.

"Ìyá àgbà, kí lẹ lọ ṣe létí odò?" Ẹkún ni Mahfuz fi ń béèrè.

"Ohùn rẹ ni mo gbọ́, ọkọ mi. O ní omi dé. Mo ní kí n pọn díẹ̀ tí wàá fi wẹ̀."

Wọ́n gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún Abena, ọmọbìnrin kan ládùúgbò. Ìyá àgbà kò rìn mọ́. Títí dòní, bí ará ilé bá ké "Nsuo aba," ṣe ni yóò di etí bẹ́ẹ̀dì mú ṣinṣin. Mahfuz á kúnlẹ̀ tì í, á ní, "Omi ẹ̀rọ ni, ìyá àgbà. Kì í ṣe odò. Odò ò kún. Mo wà lọ́dọ̀ yín." Ó ń sọ ọ́ tán báyìí, ó sì ń dùn ún dọ́kàn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó ọmọlúàbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó fún ìkìlọ̀. Ẹni tí a bá fi ṣọ́ ìlú, kó sọ ohun tó ń bọ̀, kó sọ ibi tí a ó sá sí, lédè tó yé arúgbó. Ọ̀rọ̀ tí o bá gé kúrú, ẹni tó fẹ́ràn rẹ jù lè fi ìfẹ́ parí rẹ̀ sódì.