Ẹ Kú Àbọ̀ Ti Òwúrọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ síbí pé ká fa àwọn tí ogun lé kúrò nílé mọ́ra, ẹ gbọ́ tèmi.

Ìyá yìí tún ti sọ ọ́!

Mo ń ti alùpùpù mi jáde, mo fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Rood Woko, wọ́n ní, "Ẹ kú àbọ̀."

Àbọ̀ wo? Mi ò tíì jáde!

Ìyá Rasmata ni. Àríwá orílẹ̀-èdè yìí ni ogun ti lé wọn wá sínú àgbàlá wa ní àdúgbò Cissin. Ẹnu géètì ni wọ́n máa ń jókòó sí, àwọn nìkan.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwa Yorùbá inú àgbàlá nìyẹn, àárọ̀ ni wọ́n sì ń lò ó. Látìgbà náà, ọjà mi ò yá mọ́. Ta ló ń kí èèyàn káàbọ̀ kó tó lọ?

Lónìí, mo fi Mooré, èdè wọn, là á yé wọn. "Ìyá, ẹni tó bá dé là ń kí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lọ, 'ó dàbọ̀' là ń sọ fún un."

"Mo mọ̀."

Mo dúró.

"Àárọ̀ ni ọkọ mi àtàwọn ọmọ mi jáde lọ sóko. Mo se oúnjẹ dè wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò rẹ́ni kí káàbọ̀."

Wọ́n wo alùpùpù mi.

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tètè kí yín sílẹ̀."

Mo gbé alùpùpù náà dúró. Mo jókòó tì wọ́n.

"Ẹ kú ilé, Ìyá."