Ẹ Bá Mi Pa Á Rẹ́

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi ń làágùn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Àwọn àlejò láti olú iléeṣẹ́ ti wà lọ́nà, ẹnì kan sì ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan gàdàgbà sára ògiri iwájú.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ dákun, ẹ bá mi pa á rẹ́!"

Àwọn ìyá tó máa ń fọ ìkọkúkọ kúrò lára ògiri ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń bẹ̀. Ìyá Aránṣọ ló ṣáájú wọn.

Korobá omi kan ṣoṣo ni ọ̀gá gbé fún wọn.

"Ẹ rọra lò ó o. Ibi tí wọ́n kọ nìkan ni kí ẹ fọ̀."

"Ibẹ̀ nìkan náà ni, ọmọ mi."

Ìyá Aránṣọ mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó ń tọ ìlà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tọ ojú ìlà lára aṣọ tó ń rán, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.

Ọ̀gá ń yà á ní fọ́tò. "Ọwọ́ yín mà dáa o!"

Ọ̀dà pupa bọ́ tán pátápátá.

Àmọ́ ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbin ti sọ ògiri náà di dúdú bí ìdí ìkòkò. Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà nìkan ló wá funfun báláú. Èèyàn lè kà á láti òdìkejì títì:

OMI DÀ?

Mọ́tò àwọn àlejò fọn fèrè ní ìyànà.

"Mo gbé o! Ìyá, ẹ fọ gbogbo ògiri náà kíá!"

Ìyá Aránṣọ dojú korobá tó ti gbẹ dé. Ó wo ojú ọ̀gá, ó wá ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀dà pupa kọ síbẹ̀ lánàá sí i létí:

"Omi dà, ọmọ mi?"