Òpó Tẹlifóònù Tí Ọlágúnjú Fi Dáná

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gbà pé kò sí ohun tí ẹ ò mọ̀ nínú iṣẹ́ yín.

1.
Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, ìyanṣẹ́lódì ti ti gbogbo Lomé, olú-ìlú Tógò, pa. Àwọn aráàlú ń béèrè fún ìjọba tiwa-n-tiwa, ìbọn sì ń dún. Ọjà Adawlato pa lọ́lọ́. Ọlágúnjú, káfíńtà àdúgbò wa ní Cacaveli, ti fi ọmọ rẹ̀ Jọmílójú ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Àmínátù, ló kù nílé. Àmínátù ní ikọ́ fée, àìsàn tí kì í jẹ́ kó lè mí dáadáa.

Èédú ò wọ ìlú mọ́. Nígbà tí àwọn kan gé òpó tẹlifóònù lulẹ̀ láti fi dí ọ̀nà, Ọlágúnjú gbé ayùn, ó gé tirẹ̀ níbẹ̀.

2.
Bàbá Àlàó rí i. Ọdún méjìlélógún ni bàbá yìí fi gun òpó kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ràn ìtàn òpó ju oúnjẹ lọ. Òun ló sọ fún mi pé inú ilẹ̀ ni àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ri wáyà tẹlígíráàfù sí. Wáyà bàjẹ́, ni wọ́n bá sáré gbé e kọ́ orí igi.

"Ọlágúnjú, má fi igi yẹn dáná o!"

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ó ti mu oògùn. Inú àgbá irin ni wọ́n ń tì í mọ́. Ẹ̀rọ á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, á wá fi agbára ti òróró ọ̀dà wọ inú igi lọ, kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Èéfín rẹ̀ ò dáa fún èèyàn."

Ọlágúnjú rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin ń gun igi, èmi ń gé e. Ta ló mọ igi jù nínú àwa méjèèjì?"

Ó délé, ó fi ìfági fá gbogbo dúdú ara igi náà kúrò. Ó mọ́ tónítóní.

"Bàbá Jọmílójú, ó ṣì ń rùn," Àmínátù wí.

"Òórùn lásán ni. Oògùn náà ti bá èèpo lọ."

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀wà wà lórí iná ní àgbàlá nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọn ò tíì jẹun láti àná. Ọlágúnjú gbé àdògán wọlé pẹ̀lú iná igi òpó náà, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi mátírẹ́ẹ̀sì dí fèrèsé.

Èéfín kún yàrá. Àmínátù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Pa á! Pa iná yẹn!"

Ó da omi sí i. Èéfín náà tún wá le sí i.

"Ṣílẹ̀kùn fún mi!"

"Wọ́n á yìnbọn lù wá, Àmínátù!"

Ó ká etí mátírẹ́ẹ̀sì sókè. Ọta ìbọn ba ògiri, Ọlágúnjú sì tún fèrèsé náà dí kíákíá. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ sùn sílẹ̀, ó fi ẹnu obìnrin náà sí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, àánú ọkùnrin yẹn ń ṣe mí, inú sì ń bí mi sí i.

Ọ̀sán ni ìbọn tó dákẹ́. Kò sí takisí nítorí ìyanṣẹ́lódì. Èmi, Ọlágúnjú àti Bàbá Àlàó gbé Àmínátù sórí ọmọlanke, a ń tì í lọ sí ilé ìwòsàn ní Tokoin. A ò tíì débẹ̀ tó fi kú mọ́ wa lọ́wọ́.

4.
Nígbà tí Jọmílójú padà dé, ó bi bàbá rẹ̀ léèrè: "Papa, kí ló pa Mama?"

Ó wo ilẹ̀. "La grève ni, ìyanṣẹ́lódì yìí."

Bàbá Àlàó wò mí, mo wò ó, a fi irọ́ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, ó ṣì ń ṣépè fún grève.

Ẹ gbọ́ o: ẹ má fi igi òpó, tàbí igi ojú irin rélùwéè, tàbí igi tó ń rùn bí ọ̀dà dáná láéláé. Fífá ara rẹ̀ ò mú ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò. Bí ẹni tó mọ nǹkan bá kìlọ̀ fún yín, ẹ má bá a du ìmọ̀. Nítorí ìgbéraga ọ̀jọ̀gbọ́n káfíńtà kan, ìyàwó rẹ̀ kú sí àárín èéfín àti ìbọn, èèyàn kan ṣoṣo ló sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé èéfín náà wọlé.