Òṣùpá Ọ̀sán Gangan

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn. Ní yàrá àwọn ọmọdé tí àìsàn jẹjẹrẹ ń bá fínra, ní ilé ìwòsàn ńlá kan, Ìyá Àgbà Àyìnkẹ́ ń tọ́jú ọmọ ọmọ rẹ̀, Fadérera, ọmọ ọdún méje. Àlọ́ kún inú ìyá yìí bí omi ṣe ń kún àmù, ṣùgbọ́n agídí rẹ̀ ju àlọ́ rẹ̀ lọ.

Oògùn tó ń gba apá Fadérera wọlé ti mú irun orí rẹ̀ lọ. Oorun sì máa ń gbé e lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó di ọjọ́ kejì tí ó ti ká apá mọ́ àyà, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ kan òun.

"Ìyá Àgbà, ẹ pàlọ́ fún mi ná. Ẹ̀yìn ìyẹn ni n ó na apá."

"Lọ́sàn-án gangan? Èèwọ̀! Ṣé kí n tún fi èèwọ̀ lé àìsàn lórí ni?"

Ìyá ọmọ náà kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Ìyá Àgbà rí i, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Nọ́ọ̀sì Títílọlá, tó fẹ́ fún ọmọ náà ní oògùn, kò bá ìyá àgbà jiyàn. Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ta ló sọ fún yín pé ọ̀sán ni?"

Ó fa aṣọ fèrèsé gbogbo, ó pa iná. Yàrá ṣú. Ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà ti lu. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú ihò rẹ̀ wọlé, ó tàn róbótó sára ògiri.

"Òṣùpá ti yọ o!" ni ọmọ kan ké láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ìyá Àgbà wo ìmọ́lẹ̀ náà títí. Ó wo àwọn orí kéékèèké tí kò nírun, tí wọ́n ń dán lábẹ́ rẹ̀ bí ẹyin nínú ìtẹ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ Títílọlá yìí, o gbọ́n ju Ìjàpá lọ! Ó dáa. Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!" Àwọn ọmọ dáhùn, àwọn ìyá wọn náà dáhùn.

Ó pa àlọ́ ẹyẹ odò kan tí ìyẹ́ rẹ̀ gbọ̀n dànù, tí àwọn ẹyẹ yòókù fi ìyẹ́ tiwọn bò títí òmíràn fi hù. Kí ẹyẹ náà tó fò, Fadérera ti na apá. Oògùn ń kán tó, tó, tó, bí ìrì. Ìyá rẹ̀ sùn lọ lórí àga, ó ń hanrun.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, irun ti ń yọ lórí Fadérera bíi koríko àkọ́rọ̀ òjò. Ẹnìkan mú abẹ́rẹ́ àti òwú wá láti rán aṣọ fèrèsé náà. Ìyá Àgbà gbá a lọ́wọ́ mú. "Má dí òṣùpá mọ́ àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lójú."

Ẹ̀yin ọmọ, nítorí ènìyàn ni a ṣe dá àṣà sílẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, kó wá ibi tí àánú lè gbà wọlé, ì báà ṣe ojú ihò. A gúnyán nínú ewé, a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.