Okùn Tí Ìyá Arúgbó So

Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú nígbà tí Orímisàn, atukọ̀, kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan. Ìyá arúgbó kan ṣoṣo ló jáde sí wọn. Ó gba okùn ọkọ̀, ó so ó mọ́ òpó, ó bá tiẹ̀ lọ. Nínú abúlé, ẹja ń yan lórí ààrò, èéfín ń rú, ṣùgbọ́n wọn ò rí ẹnì kankan.

Orímisàn sáré kó àwọn àlejò padà sínú ọkọ̀. Ta ni ọmọ etí omi tí kò mọ̀ pé onílé tó bá so okùn àlejò ló gbọ́dọ̀ tú u? Ó pe ìyá arúgbó náà títí ohùn rẹ̀ fi há. Ló bá fa àdá yọ, ó gé okùn, ó tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n sá.

Wọ́n rìn títí. Àfi bí òórùn ẹja yíyan ṣe tún gba imú wọn. Òpó yẹn ló yọ níwájú, àgékù okùn ń mì lára rẹ̀. Ó yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún, òpó. Ó yí i sósì, òpó.

"Bọ̀dá, ṣé a ò tíì kúrò níbí ni?" ni obìnrin kan nínú àwọn àlejò bi í.

Kó tó fèsì, ẹnìkan rọra fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ láti ẹ̀yìn, nínú ọkọ̀ níbẹ̀.

"Ọmọ mi, na orí okùn yẹn sí mi, kí n bá ọ so ó padà."