Ta Ni Alákẹtẹ̀ Dúdú Fẹ́ Mú?

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ashenclough fi góòlù mẹ́ta sí òdo lu àlejò wọn. Amos Birtwell, balógun ẹgbẹ́ náà, rẹ́rìn-ín títí ó fi délé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, orúnkún rẹ̀ ti ń ké, ó sì mọ̀ pé bí ẹgbẹ́ náà kò bá gòkè sí ìpele kejì lọ́dún yìí, kò ní ṣojú òun mọ́.

Ọjọ́ yẹn náà ni alákẹtẹ̀ dúdú kọ́kọ́ yọjú. Ó dúró lẹ́yìn ilé góòlù tó wà lápá ojú irin, ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀. Kò pàtẹ́wọ́, kò pariwo. Nígbà tí Clem Haworth gbá góòlù kẹta wọlé, tí gbogbo èrò fò sókè, ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà òun fúnra rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò.

"Ẹ rí i?" Clem wí, bí wọ́n ti ń bọ́ṣọ. "Àwọn ẹgbẹ́ ńlá Manchester ló rán an. Ó wá mú èèyàn ni."

"Ta ló sọ fún ẹ?" Seth Pomfret, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wọn, bi í.

"Ta ló tún máa dúró sínú irú òjò yìí láti wò wá, tí kì í bá ṣe ìyá tó bí wa?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà tún wá, ẹ̀rín sì tán.

Clem kò fún ẹnikẹ́ni ní bọ́ọ̀lù mọ́. Seth, tó yẹ kó dúró sẹ́yìn, ń sáré lọ síwájú bí ẹṣin tó já okùn. Àwọn tó wà létí pápá ń ta bọ́ọ̀lù lórí ẹsẹ̀ títí àwọn alátakò á fi gbà á. Amos pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Clem! Gbé e fún Wilf!"

Clem ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì lọ gbá a sínú ilé Ashenclough.

"Ṣé etí ẹ di ni?" Amos bi í lẹ́yìn eré.

"Ẹ̀gbọ́n Amos, ẹ ti jayé tiyín. Ẹ jẹ́ káwa náà jẹ tiwa."

"Ayé wo ni mo jẹ? Àárọ̀ yìí gan-an, ìdí ẹ̀rọ ìhunṣọ ni mo wà!"

Jabez Ollerton, àgbàlagbà tó ń kọ́ wọn, lọ bá alákẹtẹ̀ dúdú náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Gbogbo wọn rọ̀gbà yí i ká nígbà tó padà dé.

"Mo bi í bóyá eré wa wù ú. Ó ní kò burú. Ó wá bi mí bóyá omi máa ń dúró sórí pápá wa nígbà òtútù."

Clem gbá itan rẹ̀ pẹ̀ẹ́. "Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó lè sáré nínú ẹrẹ̀ ló ń wá!"

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń fi ara wọn yí ẹrẹ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí ọdún fi yí, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìpele wọn. Àwọn èrò ń sọ èèpo ọsàn lù wọ́n. "Ẹ padà lọ hunṣọ!" ni wọ́n ń kígbe. Amos kì í fẹ́ gba ọjà kọjá mọ́.

Ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ormerod, alága ẹgbẹ́, tí pápá náà jẹ́ tirẹ̀. Tíì ni ọkùnrin náà ń mu.

"Ẹ dákun, sà, ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún mú ẹni tó bá fẹ́ mú, kó máa lọ. Ó ń bà wá jẹ́."

Ormerod ro tíì rẹ̀ pọ̀, ó tún un rò. "Fi í sílẹ̀, Amos. Àlejò mi ni. Ó ti ṣèlérí pé òun ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí eré ọdún yìí á fi parí."

Kò wo ojú Amos.

Nínú oṣù kẹta, bọ́ọ̀lù kan bọ́ sí Amos lẹ́sẹ̀. Wilf wà níwájú ilé góòlù lóun nìkan, ó na ọwọ́ sókè. Amos gbójú sókè, ó rí àkẹtẹ̀ dúdú náà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù sílé góòlù fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá sórí ojú irin. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Nígbà tó fi ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, tí wọn ò bá borí, wọ́n ti já sí ìpele ìsàlẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, wọ́n jáde, wọ́n wo ẹ̀yìn ilé góòlù. Alákẹtẹ̀ dúdú kò wá.

"Ó ti mú ẹni tó máa mú," Clem wí, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Kì í ṣèmi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Amos dá a lóhùn. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbá bọ́ọ̀lù."

Wọ́n sì gbá a. Seth dúró sẹ́yìn. Clem gbé méjì fún Wilf, Wilf gbé ọ̀kan padà fún un. Mẹ́rin sí ẹyọ kan ló parí sí. Àwọn èrò gbé Amos sórí èjìká. Ó ń sunkún, kò sì tijú. Ìpele wọn kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni wọn yóò fi múra, tí ọdún tó ń bọ̀ yóò sì jẹ́ tiwọn.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Amos gba ojú pápá kọjá kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó bá alákẹtẹ̀ dúdú láàárín gbùngbùn rẹ̀, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan tó gbé ṣọ́bìrì.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó, mi ò bínú mọ́," Amos wí. "Ẹ ṣáà sọ fún mi. Ta lẹ mú nínú wa?"

"Mú?" Ọkùnrin náà wò ó tìyanutìyanu. "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù o, ọ̀rẹ́ mi."

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló rán an sọ́dọ̀ Ormerod láti ìgbà tí eré ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ló wá wò, ilẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni, èyí tí Ormerod ti tà kí ojú irin tuntun lè gba orí rẹ̀.